Dá a padà! Bí DJ ṣe ń rewind orin fún èrò nínú ijó dubstep

Bí o bá dàgbà nígbà kásẹ́ẹ̀tì, o ti rewind rí. O ki bíró bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì, o ń yí i títí orin tí o fẹ́ràn fi padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí bátìrì rédíò má bàa tán. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí kò jìnnà sí ìyẹn, àfi pé kì í ṣe ìwọ tí ọwọ́ rẹ wà lórí ẹ̀rọ ni o fẹ́ gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ń jó níwájú rẹ ni. Bí wọn ò bá béèrè, má yí nǹkan kan.

Àbúrò kan tí a jọ máa ń gbá dubstep, orin oníjó tí béèsì rẹ̀ wúwo, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dá orin padà? Bí èmi bá ṣe é, ńṣe ni gbogbo wọn ń wò mí." Mo rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti dúró níbi tó dúró sí rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un nínú ariwo, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà gùn. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí à ń sọ nìyí. Orin tuntun wọlé, béèsì já lulẹ̀, gbogbo ilé pariwo. DJ dá àwo dúró, ó yí i sẹ́yìn, sípíkà hó fììrì, ilé dákẹ́ díẹ̀, orin náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní rewind, àwọn kan ní reload, àwọn míì ní wheel-up tàbí pull-up. Ohun kan náà ni gbogbo wọn.

Ibi tó ti wá

Jàmáíkà ni orísun rẹ̀. Ní Kingston, láti àwọn ọdún 1950, àwọn ènìyàn máa ń to sípíkà gàgàrà síta, wọ́n á pe àdúgbò jọ, wọ́n á fi àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe àríyá. Sound system ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń yan àwo ni selector, ẹni tó di máìkì mú tó ń sọ̀rọ̀ lórí orin ni wọ́n ń pè ní deejay. Bí orin bá wọ èrò lára, wọ́n á máa lu ògiri, selector á sì gbé abẹ́rẹ́ kúrò, á dá orin padà.

Àwọn ará Jàmáíkà tó ṣí lọ sí Ìlú Ọba lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì kó àṣà yìí dání. Àwọn ọmọ wọn àti ọmọ aládùúgbò wọn gbé e wọ orin oníjó tí wọ́n ń pè ní jungle ní àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé e wọ òmíràn tó ń jẹ́ garage, débi pé ní 1999, orin tí Craig David kọ pẹ̀lú Artful Dodger nípa rewind gun òkè dé ipò kejì lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú garage yẹn ni grime, tí wọ́n ń rap lé lórí, àti dubstep ti jáde bí ọmọ ìyá méjì. Ní ti grime, àwọn ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀: Skepta, ọmọ Adenuga láti Tottenham, DJ ni kó tó di pé ó gbé máìkì.

Dubstep ní tiẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Croydon ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nídìí ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó ń jẹ́ Big Apple ní Surrey Street, níbi tí àwọn DJ bíi Hatcha, Skream, Benga àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń pàdé. FWD>>, òde ijó kan fún irú orin yìí, bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ó sì padà wá fìdí kalẹ̀ sí Plastic People ní Shoreditch, yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn biribiri. Ní 2005, Mala, Coki àti Loefah dá òde ijó tiwọn, DMZ, sílẹ̀ ní Brixton, nínú ilé ìjọsìn St Matthew's, Sgt Pokes sì ni ó ń di máìkì mú. Nígbà tí DMZ pé ọdún kan, èrò pọ̀ débi pé wọ́n ní láti kó gbogbo nǹkan lọ sí yàrá tó tóbi jù nínú ilé kan náà.

Kí ló dé tí mo fi ń pìtàn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́? Nítorí dubplate. Nígbà yẹn, ẹni tó bá parí orin tuntun á gbé e lọ sí Transition, ilé iṣẹ́ tó ń gé àwo ní Forest Hill, wọ́n á gé e sórí àwo kan ṣoṣo, àwo alumíníọ̀mù tí wọ́n fi lacquer bò. Òun àti ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta nìkan ló máa ní in. Orin náà lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, ìgbà míì kì í débẹ̀ rárá. Nítorí náà, nígbà tí èrò bá ń kígbe pé kí DJ dá a padà, ebi gidi ló ń pa wọ́n. Wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa gbọ́ ọ. Kò sí fóònù tí wọ́n lè tẹ̀ lọ́la kí orin náà jáde.

Lónìí, púpọ̀ nínú ohun tí ò ń gbá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ebi náà ti dín kù. Ìdí nìyẹn tí dídá orin padà fi yẹ kó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ rẹ ju bó ṣe rí lọ́wọ́ àwọn àgbà yẹn lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Mọ orin tó lè gbà á

Kì í ṣe gbogbo orin ló ṣeé dá padà. Orin tó ń gbé ènìyàn lọ díẹ̀díẹ̀, tí kò ní ibì kan tó ti bú gbàmù, fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Èyí tí ò ń wá ni èyí tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń ṣèlérí ohun kan, tí béèsì sì wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun mìíràn pátápátá. Drop ni wọ́n ń pe ibi tí béèsì ti wọlé yẹn. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni èrò fẹ́ tún rí, torí ní ìgbà kejì wọ́n á ti mọ ohun tó ń bọ̀, wọ́n á ti múra de é.

Nínú wákàtí kan, bóyá orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo máa ń sàmì sí pé ó lè ṣẹlẹ̀ níbí. Mo ní ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti pinnu nílé pé orin kẹfà lòun máa dá padà, ó ti gba iṣẹ́ èrò ṣe. Wọ́n á sì mọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ṣírò kí o tó kúrò nílé

Ìlù dubstep ń lọ ní nǹkan bíi 140 ní ìṣẹ́jú kan. Ìlù mẹ́rin ni báà kan. Nítorí náà báà kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 1.7. Báà 16 jẹ́ nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 27, báà 32 sì jẹ́ 55. Fi àwọn nọ́ńbà yìí sórí.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe pàtàkì rèé. Àwo tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 1.33 fún yíyí kan. Bí béèsì bá wọlé lẹ́yìn báà 32, ìyẹn ni pé àwo ti yí ní ìgbà mọ́kànlélógójì kó tó débẹ̀. Ọwọ́ ta ló fẹ́ yí àwo sẹ́yìn nígbà mọ́kànlélógójì níwájú èrò? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ rò pé yíyí àwo sẹ́yìn yẹn ló ń gbé orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Rárá o. Yíyí tí ò ń gbọ́ yẹn, yíyí méjì tàbí mẹ́ta ni. Ìkíni ni, ó ń sọ fún èrò pé o ti gbọ́ wọn. Gbígbé abẹ́rẹ́ ló ń dá orin padà.

Fún ìdí èyí, sàmì sí àwo rẹ. Gé sítíkà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà àárín àwo kó tọ́ka sí ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kí o lè gbé abẹ́rẹ́ sí i nínú òkùnkùn. Bó bá jẹ́ CDJ, ẹ̀rọ DJ tó ń gbá CD tàbí fáìlì orin, tàbí kọ̀ǹpútà lò ń lò, fi àmì cue, ìyẹn àmì ibi tí orin máa padà sí, sí ojú méjì: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, èkejì ní báà 16 ṣáájú drop. Orin tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gùn tó báà 32, ìṣẹ́jú-àáyá 55 ni èrò máa fi dúró kí béèsì tó padà wá. Ní Brixton láyé DMZ, wọ́n á dúró, wọ́n á sorí kodò, wọ́n á máa jẹ̀gbádùn rẹ̀. Ní ilé ọtí kan ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ìdajì wọn á ti lọ ra bíà.

Ìgbésẹ̀ 3: Yẹ ẹ̀rọ wò

Fún àwo, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ yípo ló dáa jù fún yíyí sẹ́yìn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gbọ́ orin dáadáa nílé, ṣùgbọ́n bí o bá fà á sẹ́yìn, á máa fá ojú àwo. Nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta ni mo máa ń fi ìwúwo rẹ̀ sí. Bó bá fúyẹ́ jù, abẹ́rẹ́ á fò, bó bá sì wúwo jù, o ń gbẹ́ kòtò sínú àwo. Bí dubplate bá wà lọ́wọ́ rẹ, rántí pé lacquer rọ̀ ju fáínílì lọ. Gbogbo ìgbà tí o bá gbá a ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀, gbogbo ìgbà tí o bá yí i sẹ́yìn ló sì ń jẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí dubplate, gbé abẹ́rẹ́ kúrò bí àwọn ará Jàmáíkà ti ń ṣe, má fi àwo ṣe àrà.

Fún CDJ, ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀rọ wà ní ipò vinyl, nítorí bí kò bá sí níbẹ̀, bí o bá yí àwo òkè rẹ̀, eré ìlù nìkan ló máa yí padà díẹ̀. Èkejì, pa slip. Slip máa ń jẹ́ kí orin máa lọ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ò ń fi ọwọ́ ṣeré lókè, bí o bá sì tú ọwọ́, orin á bọ́ sí ibi tí ìbá ti dé. Mo ti jẹ èyí rí. Ní ibi ijó kan tí ẹni tó gbá orin ṣáájú mi fi slip sílẹ̀ ní títàn, èrò pariwo, mo fi gbogbo agbára yí i sẹ́yìn, mo na ọwọ́ sókè bí akọni, orin náà sì kàn ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin kan níwájú wò mí, ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Mo ń rántí ojú rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀kẹta ni bọ́tìnnì CUE. Nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́, bí o bá tẹ̀ ẹ́, á padà sí àmì rẹ, á sì dúró. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ́kọ́ tẹ PLAY láti dá orin dúró, tí o sì wá tẹ CUE lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á rò pé o fẹ́ fi àmì tuntun sí ibi tí o dúró sí. Àmì rẹ àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Má fọwọ́ kan PLAY. Yí i sẹ́yìn, tẹ CUE, ó parí.

Ìgbésẹ̀ 4: Gbọ́ èrò

Ibí ni iṣẹ́ wà. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ọ̀sẹ̀ méjì lo máa fi kọ́ ọ. Èyí lè gba ọdún.

O mọ bó ṣe ń rí lóde àríyá wa: onílù ń ki ẹnìkan, ẹni náà sún mọ́ iwájú, owó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ onílù níwájú orí. Onílù tó gbọ́n kò ní kúrò lórí oríkì yẹn. Á tún un kì, á fi baba ẹni náà kún un, á fi ìlú rẹ̀ kún un, títí ọwọ́ fi rọ̀. Ní ijó dubstep, ariwo ni owó yẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè mú kí onílù dúró lórí oríkì, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kò lè mú kí DJ dá orin padà. Ilé ni ó gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́.

Báwo ni ilé ṣe ń bẹ̀bẹ̀? Wọ́n á na ọwọ́ sókè, ìka wọn bí ìbọn. Wọ́n á tan láítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ti gba ipò rẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Wọ́n á lu ògiri, wọ́n á lu tábìlì tí ẹ̀rọ rẹ wà lórí rẹ̀, èyí sì ni ìdí tí mo fi máa ń béèrè kí n tó bẹ̀rẹ̀ pé ṣé tábìlì náà dúró dáadáa, nítorí abẹ́rẹ́ kì í fẹ́ràn ìgbálù. Wọ́n á fọn fèrè. Wọ́n á kígbe "Bo!" tàbí "Reload!" tàbí kí wọ́n kàn pariwo. Wàá tún rí àwọn tó fajú ro bí ẹni tó jẹ orógbó láìròtẹ́lẹ̀. Má bẹ̀rù ojú yẹn. Bí béèsì bá wọ ènìyàn lára nínú ijó yìí, ojú rẹ̀ máa ń korò ni. Ìyìn ni.

Nísinsìnyí, ka ìlù. Béèsì wọlé. Báà àkọ́kọ́, ariwo á wà. Ìkíni lásán ni ìyẹn lè jẹ́. Dúró. Ní báà kẹrin, ìyẹn nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá méje, gbọ́ ọ dáadáa: ṣé ariwo náà ń pọ̀ sí i ni àbí ó ń lọ sílẹ̀? Bó bá ń lọ sílẹ̀, ijó ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Jẹ́ kí wọ́n jó. Bó bá ń pọ̀ sí i, wo ẹ̀yìn ilé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ló máa ń wà níwájú, wọ́n á pariwo bí o bá gbá orin ìpolówó ọṣẹ pàápàá. Bí ariwo bá ti ẹ̀yìn wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó di ife mú tí wọn ò mọ orúkọ rẹ, ilé ti sọ̀rọ̀.

Láàárín báà kẹrin sí ìkẹrìndínlógún lo ní àyè láti ṣe é. Bó bá ti kọjá ìkẹrìndínlógún, ara wọn ti bọ́ sínú ìlù. Bí o bá já a mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà yẹn, o ti jí wọn lójú oorun dídùn.

Bí MC, ìyẹn ẹni tó di máìkì mú, bá wà, òun ni ojú rẹ kejì. Ó ń wo èrò nígbà tí ìwọ ń wo ẹ̀rọ. Ẹ fẹnu kò kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nípa ta ló máa kọ́kọ́ pè é. Èmi máa ń sọ fún MC pé kó wò mí lójú, kí n mi orí, kó tó kígbe pé kí wọ́n dá a padà. Nítorí bí MC bá ti kígbe tí ìwọ kò ṣe é, ẹ̀yin méjèèjì ti tẹ́. MC kan bá mi ṣeré rí tó ń pe rewind ní gbogbo orin kejì. Nígbà tó fi di ìdajì wákàtí, èrò ti dẹ́kun bíbéèrè, nítorí kí lẹ máa béèrè fún nígbà tí wọ́n ti ń fi tipátipá bù ú fún yín? Àṣejù baba àṣetẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọwọ́

Ó ti yá. Tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó, má fo ọ̀kan.

Kọ́kọ́ pa ìkànnì kejì lórí míkísà, ẹ̀rọ tó ń da orin méjì pọ̀. Bí orin tí o fi wọlé bá ṣì ń lọ lábẹ́ èyí tuntun, tí o bá sì dá èyí tuntun padà, èyí àtijọ́ á kù síta ní ìhòòhò, á máa gbá lọ, gbogbo adùn ìdákẹ́jẹ́ náà á bàjẹ́. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tuntun nìyí.

Lẹ́yìn náà, fa béèsì sílẹ̀ díẹ̀ lórí míkísà. Àwo tí a bá fi agbára yí sẹ́yìn máa ń ju ohùn abẹ́lẹ̀ gbìdìgbìdì kan sínú sípíkà, ẹni tó ni sípíkà sì ń wò ọ́.

Gbé ìka méjì tàbí mẹ́ta lé etí bébà àárín àwo, ní ìhà tí abẹ́rẹ́ kò sí. Dá àwo dúró fún ìgbà díẹ̀ bíi ìpajú. Èrò á gbọ́ ìdádúró yẹn, ariwo á lọ sókè kí o tiẹ̀ tó ṣe nǹkan kan. Wá ju àwo sẹ́yìn, sí apá òsì, láti ọrùn ọwọ́, kì í ṣe láti èjìká, kí o sì tú ọwọ́. Á yí fúnra rẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: bí o bá tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ á fò, ohùn "kráà" tí kò dùn létí ẹnikẹ́ni ló máa jáde.

Ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀ ṣì ń yí lọ síwájú o. Láìpẹ́ slipmat, aṣọ tó wà lábẹ́ àwo, á gba àwo náà padà, orin á sì fẹ́ máa lọ síwájú. Nítorí náà, bí àwo bá ti ń yí sẹ́yìn, ọwọ́ kejì rẹ ti ń fa fader, ohun tó ń gbé ohùn sókè sódò lórí míkísà, sílẹ̀, kó tó bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan ààbọ̀ sí méjì láti òkè dé ilẹ̀. Bí o bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bí ẹni pé iná lọ, bí o bá sì falẹ̀ jù, wọ́n á gbọ́ bí ó ṣe ń yí padà síwájú. Àwọn kan máa ń tẹ bọ́tìnnì ìdádúró pẹ̀lú kí ẹ̀rọ náà sinmi. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má gbàgbé láti tún un tẹ̀.

Lórí CDJ, ìka lórí àwo rẹ̀, jù ú sẹ́yìn, fa fader sílẹ̀, tẹ CUE. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ rẹ ní bọ́tìnnì kan tó máa ń ṣe ohùn rewind tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, jọ̀wọ́, má tẹ̀ ẹ́. Ó dà bí ẹni tó fi ẹnu ṣe ìró àtẹ́wọ́ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò dí. Orin tí wọ́n ń gbọ́ gan-an ni kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń yí.

Fi àwo tí o kò fẹ́ràn kọ́ ọ nílé. Ní ìgbà ọgbọ̀n, kí o tó gbé e jáde.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìdákẹ́jẹ́

Lẹ́yìn tí ohùn bá ti lọ, má kánjú. Èyí ni apá tó ń ba DJ lẹ́rù jù, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé orin ò gbọ́dọ̀ dúró. Níbí, kó dúró. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Àsìkò yẹn ni wàá gbọ́ àwọn èrò fúnra wọn: ẹ̀rín, ìsúfèé, ẹnì kan tó ń pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti òdìkejì, "Ṣé o gbọ́ nǹkan yẹn?" Àwọn tó wà níta ti ń sáré wọlé. MC lè sọ gbólóhùn kan, méjì ó pọ̀ jù. Ìwọ ń fi àsìkò náà gbé abẹ́rẹ́ sí ibi sítíkà, o ń gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù pé ó wà níbẹ̀, o sì dá bọ́tìnnì béèsì padà sí ipò rẹ̀. Mo tún un sọ: dá béèsì padà. Mo ti rí ẹni tó gbàgbé, tí drop wá wọlé lẹ́ẹ̀kejì bí ẹ̀fọn.

Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Jẹ́ kó tún wọlé

Ibo lo ti máa bẹ̀rẹ̀? Bí ìbẹ̀rẹ̀ orin kò bá ju báà 16 lọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọ̀wọ̀ ni fún ẹni tó kọ ọ́, torí ó mọ ìdí tó fi to ọ̀nà náà bẹ́ẹ̀ kó tó ṣí ilẹ̀kùn. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, lo àmì kejì tí o fi sí báà 16 ṣáájú drop. Fader gbọ́dọ̀ padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, kó má lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú dídùn máa ń ti ọwọ́ sókè, iná pupa á tàn lórí míkísà, béèsì tó yẹ kó gbá èrò láyà á wá máa hó gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ tó jó.

Má wo ẹ̀rọ nígbà tí drop bá fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Wò wọ́n. O kò ní rí i dáadáa tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí wọ́n bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Àwọn orin kan wà láyé àtijọ́ FWD>> àti DMZ tí wọ́n dá padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní alẹ́ kan náà. Nígbà yẹn, wọn ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Fún ìwọ, ẹ̀ẹ̀kan tó. Bí ilé bá fẹ́ wó, ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò tíì rí ẹ̀ẹ̀mẹta tó dùn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójú ara mi.

Ìgbà tí o kò gbọdọ̀ ṣe é

Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ eré rẹ: wọn ò tíì gbà ọ́ gbọ́. Nígbà tí ó ku orin kan kí o sọ̀kalẹ̀ tí DJ tó kàn sì ti dúró lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú àpò rẹ̀: àsìkò tirẹ̀ lò ń jẹ. Fún orin tí ìwọ fúnra rẹ kọ, bí kì í bá ṣe pé ariwo náà pọ̀ débi tí kò sí iyèméjì kankan, torí kò sí ohun tó ń tini lójú tó DJ tó ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Àti níbi tí house tàbí techno bá ti jẹ́ ọba, ronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èrò ibẹ̀ wá kí ìlù má bàa já rárá. Bí o bá dá a dúró, wọ́n á rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ẹnì kan á lọ pe onímọ̀ ẹ̀rọ.

Àwọn kan wà nínú dubstep fúnra rẹ̀ tí kò fẹ́ràn rewind rárá. Wọ́n ní ó ń já ijó, ó ń sọ DJ di eléré orí ìtàgé. Mi ò bá wọn jà. Mo ti wà nínú èrò ní alẹ́ tí DJ dá orin padà nígbà méje láàárín wákàtí kan, ẹsẹ̀ mi ò sì rí ibi dúró sí. Bí o bá gbọ́ irú àròyé yìí lẹ́nu ẹni tó jó ní alẹ́ rẹ, má dá a lóhùn, ka iye ìgbà tí o ṣe é.

Lẹ́yìn eré

Bí orin bá wọlé lẹ́ẹ̀kejì, o ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan láti wá èyí tó kàn. Má fi orin ńlá mìíràn lé e lẹ́yìn. Fi èyí tó ní ìlù púpọ̀ tí béèsì rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, kí èémí wọn padà. Nígbà tí o bá ti sọ̀kalẹ̀, gbé àwo tí o yí sẹ́yìn sábẹ́ iná, wo ibi tí abẹ́rẹ́ ti fà. Bí o bá rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, dín ìwúwo abẹ́rẹ́ kù díẹ̀. Nu ẹnu abẹ́rẹ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, láti ẹ̀yìn wá síwájú, torí yíyí sẹ́yìn máa ń kó eruku jọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ orin tí wọ́n bẹ̀ ọ́ fún sínú ìwé kan pẹ̀lú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti aago. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Èyí tí mo rò pé wọ́n máa bẹ̀ mí fún jù lọ kò sí nínú rẹ̀ rárá.